Bí Ìbò Méjì Ṣe Yí Òfin Ohio Padà Lọ́dún 1849

Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, aṣòfin ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kéré kì í rí nǹkan kan ṣe, àyàfi bí àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nílé aṣòfin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Norton Townshend ní Ohio gan-an nìyẹn.

Ìwé ìbò ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ìjọba kì í tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ tirẹ̀, orúkọ àwọn olùdíje rẹ̀ nìkan ló ń wà níbẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ ló sì ń pín in níbi ìdìbò. Ẹgbẹ́ tí kò lówó ìtẹ̀wé, tí kò sì lẹ́ni tó máa dúró pín ìwé láti àárọ̀ dalẹ́, ó máa ń ṣòro fún un láti wọlé, bó ti wù kí ará ìlú fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ìdí nìyí tí Free Soil, ẹgbẹ́ tó kọ̀ kí oko ẹrú tàn dé àwọn ilẹ̀ tuntun, fi ń rọ́wọ́ mú ní àríwá ìlà-oòrùn Ohio: àwọn tó ń bá oko ẹrú jà ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Ọdọọdún, nínú oṣù kẹwàá, ni wọ́n sì ń dìbò yan aṣojú. Nínú oṣù kejìlá ni ilé aṣòfin ń bẹ̀rẹ̀ ìjókòó.

Townshend jẹ́ dókítà. Wọ́n bí i ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1815, àwọn òbí rẹ̀ sì kó o wá sí Avon ní agbègbè Lorain lọ́dún 1830. Nígbà tó wọlé lábẹ́ Free Soil lọ́dún 1848, aṣojú méjìléláàádọ́rin (72) ló wà nílé kékeré, ọmọ ilé àgbà sì jẹ́ 36. Whig àti Democrat ni ẹgbẹ́ ńlá méjì náà. Nílé kékeré, kò sí èyí tó ní ìbò tó láti dá nǹkan ṣe nínú wọn. Ìjà agbègbè Hamilton, níbi tí ìlú Cincinnati wà, tún dá kún un: Whig ti pín agbègbè náà sí méjì, Democrat ní òfin ilẹ̀ kò gba bẹ́ẹ̀, ni ẹgbẹ́ méjèèjì bá ń du àga méjì kan náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá kí ilé tó lè yan olórí.

Ibi tí agbára ti jáde nìyí. Ẹni tó bá lọ sípàdé abẹ́lé ẹgbẹ́ ńlá ti gbà láti tẹ̀ lé ohun tí ìpàdé bá fẹnu kò sí. Ìbò rẹ̀ kò ní iye mọ́. Àwọn kan nínú Free Soil ṣì ń bá Whig rìn. Townshend àti John F. Morse kọ̀, wọn kò sì darapọ̀ mọ́ ìpàdé ẹnikẹ́ni. Ni ìbò méjì bá di ohun tí gbogbo ilé ń wá.

Democrat fẹ́ àga Hamilton, ipò olórí ilé àti ti akọ̀wé, àti àwọn adájọ́, torí ilé méjèèjì ló ń yan adájọ́ fún ọdún méje. Àwọn méjì yìí fẹ́ kí wọ́n fagi lé Òfin Àwọn Dúdú ti ọdún 1804 àti 1807. Òfin ọ̀hún sọ pé kí èèyàn dúdú tó bá wọ Ohio wá onídùúró méjì láàárín ogún ọjọ́, ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ($500) dọ́là. Kò sì lè jẹ́rìí nílé ẹjọ́ níbi tí òyìnbó bá ti ní ẹjọ́. Bí òyìnbó bá lu ènìyàn dúdú lójú èèyàn dúdú mẹ́wàá, adájọ́ kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ni Democrat àti àwọn méjì yìí bá ṣe àdéhùn. Salmon P. Chase, agbẹjọ́rò tó jẹ́ aṣáájú Free Soil ní Ohio, ló kọ àbá òfin tuntun, Morse ló gbé e wọlé. Ó di òfin nínú oṣù kejì ọdún 1849: onídùúró kúrò, ẹ̀rí di títẹ́wọ́gbà, ilé ẹ̀kọ́ sì ṣí fún ọmọ dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọ̀tọ̀ ni. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ilé méjèèjì jókòó pọ̀ láti yan sẹ́nétọ̀ lọ sí Washington, nítorí títí di ọdún 1913, aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń yàn wọ́n. Bí gbogbo wọn bá pé, ìbò 55 ló ń mú ènìyàn wọlé. Níhìn-ín ni àdéhùn ti fẹ́ já: Morse fẹ́ Joshua Giddings, aṣojú Ohio ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó ń bá oko ẹrú jà, Townshend fẹ́ Chase. Giddings kò rí ìbò Whig tó, Chase rí ti Democrat, òun ló sì wọlé.

Ohun tí ìbò méjì kò lè rà pọ̀. Èèyàn dúdú kò tíì lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́, kò sì lè dìbò. Ní àpéjọ àtúnṣe òfin ilẹ̀, 1850 sí 1851, Townshend ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ «funfun» kúrò lára ohun tó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ ìdìbò; wọ́n kọ̀ fún un. Whig pariwo pé wọ́n ti ta ìbò. Ẹ̀sùn yẹn kò dá wa lójú: ohun tí àwọn méjì yìí béèrè wà nínú ìwé òfin, kì í ṣe nínú àpò wọn. Síbẹ̀, àdéhùn náà sọ ọ̀nà Townshend di ti Democrat. Lábẹ́ orúkọ wọn ló wọ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, 1851 sí 1853, ìgbà kan péré. Lẹ́yìn tó ṣe ilé àgbà Ohio, ó padà sí iṣẹ́ ìṣègùn nígbà ogun abẹ́lé, lẹ́yìn náà ó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Columbus.

Òfin ilẹ̀ tuntun ti ọdún 1851 gba yíyan adájọ́ lọ́wọ́ aṣòfin, ó fi í lé ará ìlú lọ́wọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ kékeré lè fi dúnàádúrà nílé sì dín kù.