Káàdì Wáráǹtì Ẹ̀rọ Amómigbóná Tí Kò Sí Òǹtẹ̀ Lára Rẹ̀

Àsìkò ọyẹ́ ni wọ́n máa ń pè mí jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá kan ní Ọ̀bàńtókó, l'Ábẹ́òkúta níbí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, pè mí pé, "Ẹnjiníà, omi ń jò lára ẹ̀rọ amómigbóná tí ẹ gbé sí balùwẹ̀ mi o, ògiri ti rin gbingbin." Ẹ̀rọ náà ò tíì pé ọdún méjì. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n na káàdì wáráǹtì sí mi, wọ́n fi ọ̀rá wé e dáadáa. Ọdún márùn-ún ló wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Àmọ́ kò sí òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kò sí déètì, àyè tí orúkọ ẹni tó so ẹ̀rọ mọ́ ògiri yẹ kó wà sì ṣófo. Èmi ni mo so ó. Èmi ló yẹ kí n ti kọ orúkọ mi síbẹ̀.

Rìsíìtì wà nínú ọ̀rá kan náà, ṣùgbọ́n ó ti funfun báláú. Irú ìwé tí ẹ̀rọ àwọn ṣọ́ọ̀bù ń tẹ̀ jáde yẹn, kì í ṣe yíǹkì ló wà lórí ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń pa á rẹ́, ọ̀rá tí a fi wé e náà lè pa á rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tó tà á ní àwọn ò mọ ìgbà tí wọ́n rà á, ni Màmá bá tún fi owó ìfẹ̀yìntì ra òmíràn. Ó dùn mí títí di òní.

Ọdún márùn-ún tí wọ́n kọ sára káàdì yẹn, ti táńkì inú ẹ̀rọ nìkan ni lọ́pọ̀ ìgbà. Irin tó ń gbóná nínú omi àti tẹmósítáàtì tó ń pa á nígbà tó bá gbóná tó, ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń fún wọn, àwọn gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Owó iṣẹ́ ẹni tó máa tú u lè má sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹ ka káàdì náà kí ẹ tó sanwó.

Ohun tó ń ba táńkì jẹ́ jù, ojú ò rí i. Ọ̀pá mágnísíọ̀mù kan wà nínú táńkì tó jẹ́ irin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí omi máa jẹ òun dípò táńkì. Bí omi bá jẹ ẹ́ tán, ara táńkì ló kàn. Mo tú ọ̀kan ní Àṣẹ̀rò láìpẹ́ yìí: ọ̀pá tó nípọn bí àtàǹpàkò nígbà tó wà ní tuntun ti di wáyà tín-ín-rín, nǹkan funfun bí ẹfun sì lẹ̀ mọ́ ọn. Orí àpáta la tẹ ìlú wa dó, omi bohóòlù ilé míì sì máa ń kó ẹfun tó pọ̀ dání. Lọ́dọọdún ni kí ẹ ní ká yẹ ọ̀pá yìí wò. Káàdì míì sọ ọ́ kedere pé bí ẹ ò bá pààrọ̀ rẹ̀, wáráǹtì ti parẹ́. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀.

Fáàfù kékeré abẹ́ ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ó máa ń kán tótó nígbà tí omi bá ń gbóná, àwọn kan á sì dí i pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tó bá gbóná máa ń fẹ̀ ni. Nínú táńkì lítà 50, èyí tó fẹ̀ lè ju ààbọ̀ lítà lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Ẹ̀rọ tí wọ́n dí fáàfù rẹ̀ lè bú gbàmù. Kò sí ilé iṣẹ́ tó máa gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ padà.

Bákan náà ni ẹni tó tan iná sí ẹ̀rọ tí kò sí omi nínú rẹ̀. Bí táńkì orí òkè bá ti gbẹ, ẹ pa suwíìṣì. Iná tó ya wọlé lójijì tó sì jó ẹ̀rọ, wáráǹtì kì í sábà bo ìyẹn. Ní ti iná tó rẹlẹ̀, kì í jó o, omi kàn máa pẹ́ kó tó gbóná ni: bí iná bá wálẹ̀ sí fóltì 160 dípò 230, agbára ẹ̀rọ náà á dín sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ má torí ìyẹn pè mí pé ó ti bàjẹ́.

Bí káàdì bá sì sọnù, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á, kó sì lálòpẹ́ níwọ̀n tó bójú mu. "A kì í gba ọjà padà" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kò lè pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́ bí ọjà bá ní àbùkù. Àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin yìí, ló ń gba ẹ̀sùn irú èyí. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ẹ̀rí pé ẹ rà á.

Nígbà tí mo gbé tuntun kọ́ fún Màmá, a ò tíì ṣí omi tí mo fi ní kí wọ́n mú káàdì wá. Òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ti wà níbẹ̀, torí mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má kúrò ní Sápọ́n láìgbà á. Mo kọ déètì, orúkọ mi àti nọ́ńbà ara ẹ̀rọ sí i. Màmá gbé gíláàsì wọn wọ̀, wọ́n fi nọ́ńbà náà wé ti ara ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ya fọ́tò káàdì àti rìsíìtì sórí fóònù, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn kí n tó tan iná.