Ọmọ tó ń gbọ́ ìjà bàbá àti ìyá ẹ̀: àwọn ìbéèrè tó ń jà ràn-ìn

Òfin kan ń da àwọn èèyàn wa nílùú Ọba lọ́kàn rú: Domestic Abuse Act ti 2021, tí wọ́n ń lò ní England àti Wales. Ó ní ọmọ tó bá rí ìwà ipá láàrin àwọn òbí ẹ̀, tó gbọ́ ọ, tàbí tó kàn án lára, òun náà ni wọ́n hu ìwà yẹn sí.

Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá na ọmọ náà?

Rárá o.

Ọmọ ọwọ́ tó ti sùn ńkọ́?

Ó ń gbọ́! Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Oregon l'Amẹ́ríkà yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ oṣù 6 sí 12 wò lójú oorun, wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ẹni tínú ń bí, àwọn tí ìjà pọ̀ nílé wọn ni ọpọlọ wọn ta sí i jù.

Kí ló máa ń dà lára wọn?

Ẹ wo ọmọ tó ń fetí sí bí bàbá ẹ̀ ṣe ń ti géètì, tó ti mọ̀ látinú ìró yẹn nìkan bóyá alẹ́ ọjọ́ yẹn á dáa, ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sinmi, inú á máa run ún láàárọ̀, ó lè máa tọ̀ sílé, ìwé ò ní wọ orí ẹ̀, tíṣà á ní olóríkunkun ni. Ìwádìí ACE (Adverse Childhood Experiences, ìyẹn àwọn ìyà ìgbà èwe) tí àwọn dókítà Felitti àti Anda gbé jáde l'Amẹ́ríkà ní 1998 tiẹ̀ ka rírí kí wọ́n máa lu ìyá ẹni mọ́ ìyà ìgbà èwe, bí irú ìyà bẹ́ẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìrẹ̀wẹ̀sì, ọtí àmujù àti àrùn ọkàn ṣe ń pọ̀ sí i nígbà àgbà.

Ṣé òun náà á di ẹni tó ń lu ìyàwó?

Ewu ẹ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni ò ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé sọ fún un pé bàbá ẹ̀ ló fi jọ.

Ṣé ká má wá bínú síra wa mọ́ ni?

Ahọ́n àti ẹnu ń jà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jiyàn lójú wọn, ẹ parí ẹ̀ lójú wọn, torí ọmọ tó rí ìparí ìjà, ọkàn ẹ̀ máa ń balẹ̀. Kẹ́ ẹ wá yan ara yín lódì fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń rí ìyẹn náà.

"Torí àwọn ọmọ ni mo ṣe ń fara dà á" ńkọ́?

Ìyá mi, tó bá ti di lílù, àwọn ọmọ yẹn ń jẹ nínú ìyà ẹ̀. L'Ékòó, ẹ lọ bá Domestic and Sexual Violence Agency ti ìjọba ìpínlẹ̀, ní England ẹ pe ọlọ́pàá ní 999. Kẹ́ ẹ tó sùn lónìí, ẹ bi ọmọ náà ní ohun tó gbọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ wá sọ fún un pé kì í ṣe òun ló fa ìjà yẹn, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rò pé àwọn ni.