Báwo ni a ṣe ń fi díkódà sínú orí ọkọ̀ ojú irin kékeré àtijọ́?

Àwọn tó ń to ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kékeré sínú ilé wọn ní Amẹ́ríkà mọ orí ọkọ̀ Athearn dáadáa, èyí tí wọ́n máa ń tà tẹ́lẹ̀ nínú páálí aláwọ̀ búlúù. California ni ilé iṣẹ́ náà wà. Ìwọ̀n HO ni orí ọkọ̀ náà, ìyẹn ni pé ojúlówó fi ìlọ́po 87 gùn jù ú lọ. Ó lágbára, kì í tètè bàjẹ́, ẹ sì lè rí i rà ní owó pọ́ọ́kú lọ́jà àlòkù. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é fún DCC, ìlànà ìdarí ìgbàlódé tí ọ̀pọ̀ ń lò báyìí; díkódà, pátákó iná kékeré tí a ń fi sínú orí ọkọ̀, ló ń jẹ́ kí ó lè lò ó. Èyí ni àwọn ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ so méjèèjì pọ̀ sábà máa ń béèrè.

Kí ni DCC fi yàtọ̀ sí ti àtijọ́?

Ní ti àtijọ́, bí iná tó wà lórí irin bá ṣe pọ̀ tó ni ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Ẹ fi iná díẹ̀ sí i, á rọra máa lọ. Ẹ fi kún un dé fóòtì (volt) 12, á sáré. Ẹ pààrọ̀ pósítíìfù àti nẹ́gátíìfù, á máa fi ẹ̀yìn rìn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo orí ọkọ̀ tó bá wà lórí irin kan náà ló máa jọ gbéra. Kí ọ̀kan tó lè dúró kí èkejì máa lọ, àfi kí ẹ gé irin sí abala-abala, kí ẹ sì fi súìṣì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nínú DCC, iná orí irin kì í dín, kì í lé. Ó wà níbẹ̀ ní kíkún, bíi fóòtì 14 sí 16 fún HO, kódà bí ọkọ̀ bá dúró. Iná náà ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, inú lílọ-bíbọ̀ yẹn sì ni ọ̀rọ̀ pamọ́ sí. Bí ìdajì rẹ̀ bá gba máíkírósẹ́kọ́ńdì 58 (ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), "1" nìyẹn. Bó bá tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, "0" ni. Àwọn 1 àti 0 yìí ló ń di iṣẹ́ tí a rán: nọ́ńbà orí ọkọ̀ tí à ń bá wí, ohun tí a ní kó ṣe, àti àmì tí a fi ń mọ̀ bí iṣẹ́ náà ṣe dé pé. Ó dà bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ní kíláàsì: gbogbo ọmọ ló gbọ́, ẹni tí wọ́n pè ló ń dáhùn. Díkódà tó wà nínú orí ọkọ̀ ló ń dáhùn, òun náà ló sì ń wọn iná fún motor.

Ṣé dandan ni kí díkódà àti ẹ̀rọ ìdarí ti ilé iṣẹ́ kan náà wá?

Rárá. NMRA, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935, gba iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ Lenz ní Jámánì ti ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ìlànà fún gbogbo ayé láàárín àwọn ọdún 1990. Ẹ ra díkódà níbi tó bá wù yín.

Ṣé mi ò kàn lè gbé orí ọkọ̀ náà sórí irin DCC láìfi díkódà sí i?

Àwọn ẹ̀rọ ìdarí kan gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi nọ́ńbà 0 pè é. Ṣùgbọ́n motor á máa kùn bí oyin, á sì máa gbóná bó tilẹ̀ dúró, torí pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò yé gbá a. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe é.

Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má tíì ra díkódà. Ẹ kọ́kọ́ fi iná fóòtì 12 ti àtijọ́ wa orí ọkọ̀ náà. Ẹ nu wíìlì rẹ̀, ẹ fọ gíríìsì tó ti gan kúrò, ẹ kán òróró díẹ̀ sí i. Èyí tí kò rìn dáadáa láìsí díkódà kò ní rìn dáadáa pẹ̀lú díkódà.

Lẹ́yìn náà, ẹ so mítà tó ń wọn áńpù mọ́ ọn, ẹ fi ìka di motor mú títí tí kò fi ní yí mọ́, ẹ ka mítà kíá, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Iye tí ẹ bá rí ni èyí tó pọ̀ jù tí motor náà lè fà. Ọ̀pọ̀ díkódà HO kò lè gbà ju áńpù 1 sí 2 lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn motor àtijọ́ mìíràn ń fà jù bẹ́ẹ̀. Tí tiyín bá fà jù, ẹ pààrọ̀ motor.

Kí ló dé tí díkódà àwọn ènìyàn fi ń jóná?

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Orí férémù irin ni motor Athearn jókòó sí. Lókè rẹ̀, abala idẹ gígùn kan ń gba iná láti ara wíìlì apá kan. Nísàlẹ̀, abala idẹ mìíràn ní eyín méjì tó fara kan férémù, ibẹ̀ sì ni iná apá kejì ń gbà wọlé. Férémù fúnra rẹ̀ ti di wáyà. Ọgbọ́n gidi ni nígbà náà, torí ó dín wáyà kù. Ṣùgbọ́n nínú DCC, ọwọ́ díkódà nìkan ni motor gbọ́dọ̀ ti máa gba iná. Bí eyín kan ṣoṣo bá ṣì kan férémù, iná orí irin á wọ ẹnu ibi tí díkódà ti ń fún motor ní iná, èéfín á sì jáde.

Nítorí náà, ẹ yọ motor kúrò lórí férémù. Ẹ ṣí abala ìsàlẹ̀ jẹ́jẹ́, torí sípíríǹgì kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń fò lọ. Ẹ gé eyín méjèèjì kúrò, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà kan mọ́ abala náà nígbà tí kò tíì sí lára motor, kí gbígbóná má baà yọ́ rọ́bà. Ẹ ya abala òkè náà kúrò lára ohun tó so ó mọ́ wíìlì, kí ẹ jó wáyà tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ tẹ́ Kapton, téèpù tó ń fara da ooru, sórí férémù lábẹ́ motor; gọ́ọ̀mù téèpù lásán máa ń yọ́ bí ibẹ̀ bá gbóná.

Kí ẹ tó so díkódà rárá, ẹ gbé mítà síbi tó ti ń dún bí irin méjì bá pàdé. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan sí wáyà motor, ẹ fi ìkejì kan férémù, kí ẹ tún fi kan wíìlì apá méjèèjì. Bó bá dún níbikíbi, ẹ padà sídìí iṣẹ́.

Wáyà wo ló ń lọ síbo?

Pupa ń gba iná láti irin ọwọ́ ọ̀tún, dúdú láti irin ọwọ́ òsì. Aláwọ̀ ọsàn àti aláwọ̀ eérú ń lọ sí motor. Bí ọkọ̀ bá ń fi ẹ̀yìn rìn nígbà tí ẹ ní kó lọ síwájú, ẹ pààrọ̀ àwọn méjèèjì yìí. Funfun ni iná iwájú, yẹ́lò ni ti ẹ̀yìn, búlúù sì ni pósítíìfù tí gbogbo iná jọ ń lò. Gílóòbù àtijọ́ tó ń gba iná lára férémù kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀ mọ́. LED, gílóòbù kékeré ìgbàlódé, ló dáa, pẹ̀lú resistor 1,000 ohm (ohun tó ń dín iná kù) lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ṣé mo lè wá gbé e sórí irin báyìí?

Orí irin ìdánwò, tí wọ́n ń pè ní programming track, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí. Iná tó wà níbẹ̀ kò tó láti jó díkódà bí ẹ bá ṣe àṣìṣe. CV ni àwọn àyè tí díkódà ń kọ ètò rẹ̀ sí; CV1 ni ti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ ní kí ẹ̀rọ ìdarí ka CV1: bí díkódà bá jẹ́ tuntun, 3 ló máa dáhùn. Bí kò bá dáhùn, ẹ má gbé e síbòmíràn. Bó bá dáhùn, ẹ fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èmi fẹ́ràn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára, torí pé kò ṣeé gbàgbé.

Ẹ wá fi CV2 ṣètò iná tí yóò fi gbéra, CV3 fún bí yóò ṣe máa yára sí i, CV4 fún bí yóò ṣe máa dúró. Ẹ má kánjú níbí. Orí ọkọ̀ tó máa ń fò bí tata tẹ́lẹ̀ á wá máa rákò wọ ibùdókọ̀ bí ojúlówó, ohun tó sì mú kí gbogbo làálàá náà tó ó ṣe fún mi nìyẹn.

Ó ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń kú ní oríta irin. Kí ló fà á?

Iná ló ń já. Motor lásán lè fi eré tó ti ń bá bọ̀ kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n díkódà dà bí kọ̀ǹpútà; bí iná bá já, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ nu irin àti wíìlì, kí ẹ sì rí i dájú pé wíìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn ló ń gba iná. Bí kò bá tíì lọ, àwọn díkódà kan ní ibi tí a ń so kàpásítọ̀ keep-alive mọ́, èyí tó máa gbé e kọjá ibi tí iná ti já. Ẹ wo ìwé tó bá díkódà yín wá kí ẹ tó jó o mọ́ ọn.