Fọ́máàtì kò kan ṣíìpù yìí

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù tí kò gba iná mọ́ dé Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀." Fáànù ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta? Fọ́máàtì. Kíbọ́ọ̀dù ń ṣe wèrè? Fọ́máàtì náà ni. Tí wọ́n bá ṣe tán, iṣẹ́ projẹ́ẹ̀tì ọmọ ọlọ́mọ ti lọ, fáànù sì ń pariwo síbẹ̀.

Ohun tó wà lórí háàdì díìsìkì ni fọ́máàtì ń nù kúrò. Ṣíìpù kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù tí kò bá wọn dá sí i. Embedded controller lorúkọ rẹ̀, EC làwọn oníṣẹ́ ń pè é. Òun ló ń mọ̀ pé ẹ tẹ bọ́tìnnì, òun ló ń darí fáànù àti gbígba iná bátìrì, òun ló sì ń ka kíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Ẹ pa ẹ̀rọ, òun ṣì lajú sílẹ̀, bí ọlọ́dẹ àdúgbò tí onílé ti sùn. Firmware tirẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí ṣíìpù náà fúnra rẹ̀, ló ń lò, Windows kọ́. Bí àléébù bá wà nínú firmware yẹn, ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù ni àtúnṣe ti ń wá, wọ́n sì sábà máa ń dì í pọ̀ mọ́ ti BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. Àwọn tó ń lo Linux dípò Windows lè rí i gbà nípasẹ̀ fwupd, irinṣẹ́ tó ń fi firmware tuntun sí ẹ̀rọ, bí ilé iṣẹ́ náà bá ti gbé e síbẹ̀.

(Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku inú fáànù o. Kì í ṣe gbogbo ariwo ni ẹ̀bi ṣíìpù.)

"Àbí kì í ṣe update ló ń ba láptọ́ọ̀pù jẹ́?" Mo gbọ́ ìyẹn náà. Ẹ̀rù yẹn nídìí, àmọ́ ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ni ìdí náà wà. Nígbà tí EC bá ń gba firmware tuntun, kíbọ́ọ̀dù lè kú, ojú ẹ̀rọ lè ṣókùnkùn, fáànù lè máa sáré àsápajúdé, torí ẹni tó ń darí wọn gan-an ni wọ́n ń tún kọ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti há, á tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi kú. Ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Iná tó lọ láàárín kan lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ update fi ń kọ̀ àfi tí ṣájà bá wà lára rẹ̀ tí iná sì wà nínú bátìrì.

Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń kú bí ẹ bá ti yọ ṣájà, ẹ ra bátìrì ná.