Àwọn Awakọ̀ Òfurufú Iléeṣẹ́ Bàálù Kékeré ní Amẹ́ríkà àti Ìkógbásílé Ọdún 2020

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà lé èrò kúrò ní pápákọ̀ òfurufú, ọ̀pọ̀ awakọ̀ òfurufú tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ bàálù kéékèèké ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà nínú ìbẹ̀rù pé iléeṣẹ́ wọn lè kógbá sílé. Ní Trans States Airlines, Compass Airlines àti ExpressJet Airlines, ìbẹ̀rù náà já sí òótọ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké yìí ni ó máa ń kó èrò láti àwọn ìlú kéékèèké lọ sí pápákọ̀ ńlá, lábẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ ńlá. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ wọn yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ mìíràn ni pé owó oṣù wọn, irú bàálù tí wọ́n ń wà, ìlú tí wọ́n ti ń gbéra àti ọjọ́ ìsinmi wọn ló so mọ́ ipò wọn nínú ìwé orúkọ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, ipò náà kò sì ṣeé gbé lọ sí iléeṣẹ́ mìíràn.

Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí

Ẹni tó bá wọ bàálù tí wọ́n kọ American Eagle, Delta Connection tàbí United Express sí lára lè rò pé American, Delta tàbí United ló gba awakọ̀ rẹ̀ síṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, iléeṣẹ́ mìíràn ni agbanisíṣẹ́ awakọ̀ náà. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ jù láàárín wọn ni pé iléeṣẹ́ ńlá ni yóò máa ta tíkẹ́ẹ̀tì, tí yóò máa pinnu iye owó ọkọ̀ àti àkókò tí bàálù yóò gbéra, tí yóò sì máa san owó epo, nígbà tí iléeṣẹ́ kékeré yóò pèsè awakọ̀, òṣìṣẹ́ inú bàálù àti àwọn tó ń tún bàálù ṣe, tí yóò sì gba owó gẹ́gẹ́ bí ìrìn tí bàálù bá rìn. Àǹfààní ètò yìí fún iléeṣẹ́ kékeré ni pé bí ìjókòó kò bá kún, òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ pàdánù owó. Ewu rẹ̀ ni pé oníbàárà rẹ̀ kì í sábà ju iléeṣẹ́ ńlá kan sí mẹ́ta lọ, bí àdéhùn bá sì dópin, kò ní èrò tirẹ̀ tí yóò ta tíkẹ́ẹ̀tì fún.

Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ní iléeṣẹ́ ńlá tún fi òdiwọ̀n sí bàálù tí agbanisíṣẹ́ wọn lè gbé fún iléeṣẹ́ kékeré, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní American, Delta àti United, òdiwọ̀n náà kì í kọjá ìjókòó 76. Nítorí èyí, iléeṣẹ́ kékeré kò lè fi bàálù tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún wọn.

Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà dé ẹnu iṣẹ́ yìí gùn. Lẹ́yìn jàǹbá bàálù Colgan Air tó já nítòsí Buffalo ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2009, tí ènìyàn 50 kú nínú rẹ̀, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010 yọrí sí ìlànà pé igbákejì awakọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti fi wákàtí 1,500 wa bàálù kí ó tó lè gbé èrò fún iléeṣẹ́. Òdiwọ̀n yìí dín díẹ̀ fún àwọn tó gba ọ̀nà iṣẹ́ ológun tàbí yunifásítì kan wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ ló yá owó kí wọ́n tó lè parí ẹ̀kọ́ náà.

Ìwé ipò àgbà lẹ́nu iṣẹ́

Ọjọ́ tí awakọ̀ wọ iléeṣẹ́ ni wọ́n fi ń tò ó sínú ìwé orúkọ, kì í ṣe bí ó ti dàgbà tó tàbí bí ó ti mọ iṣẹ́ tó. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé náà ni yóò sọ ìgbà tí yóò kúrò ní igbákejì tí yóò di ọ̀gá awakọ̀, bóyá yóò wà nílé nígbà ọdún Kérésìmesì, àti bóyá yóò wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ ní kó lọ sílé bí ọjà bá dẹnu kọlẹ̀. Owó wákàtí kan náà máa ń ga sí i pẹ̀lú iye ọdún tó ti lò ní iléeṣẹ́ náà gan-an; ọdún tó lò níbòmíràn kì í sábà wọ inú ìṣirò.

Nítorí ìdí yìí, ó yẹ kí a ya ìdádúró fúngbà díẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìkógbásílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìròyìn ọdún 2020 sábà máa ń kà wọ́n pọ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ bá dá òṣìṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀, àwọn tó wọlé kẹ́yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọn kì í parẹ́, bí iṣẹ́ bá sì tún yọjú, wọ́n ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n pè wọ́n padà ní títẹ̀lé ipò wọn. Nígbà tí iléeṣẹ́ bá kógbá sílé, ìwé orúkọ náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀gá awakọ̀ tó ti lo 20 ọdún níbẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní iléeṣẹ́ tuntun, lórí owó ọdún kìn-ín-ní, ó sì lè jẹ́ pé àwọn tí òun kọ́ níṣẹ́ ni yóò bá lókè.

Òfin àpapọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní McCaskill-Bond, ti oṣù Kejìlá ọdún 2007, gbìyànjú láti dáàbò bo òṣìṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó bí i ni ìbínú tó tẹ̀lé rírà tí American ra iléeṣẹ́ bàálù TWA ní ọdún 2001, nígbà tí wọ́n to àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù TWA sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé American. Òfin náà sọ pé bí iléeṣẹ́ bàálù méjì bá di ọ̀kan, kí wọ́n da ìwé orúkọ wọn pọ̀ lọ́nà tó tọ́ tí kò sì ní ìrẹ́jẹ nínú. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ ńlá bá kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kékeré kan, tó sì gbé e fún òmíràn, ó ṣòro láti pe ìyẹn ní ìdàpọ̀. Bàálù àti ìrìn-àjò lè bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ tuntun láìjẹ́ pé nọ́ńbà àwọn awakọ̀ tẹ̀lé wọn. Nínú gbogbo ohun tó jọ mọ́ ààbò iṣẹ́ àwọn awakọ̀ wọ̀nyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àlàfo yìí ló ṣe pàtàkì jù lọ.

Ìwé ipò yìí náà ló ń mú kí ó nira fún awakọ̀ láti pinnu bóyá kí òun sá kúrò ṣáájú tàbí kí òun dúró dé òpin. Ẹni tó bá tètè lọ yóò pàdánù ipò tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, ó sì lè jẹ́ pé iléeṣẹ́ náà kò ní kú mọ́. Ẹni tó bá dúró lè rí i pé àwọn tó tètè lọ ti gba nọ́ńbà tó dára jù ní iléeṣẹ́ tuntun, nítorí ìyàtọ̀ ọ̀sẹ̀ kan péré lè tẹ̀lé awakọ̀ títí dé ìfẹ̀yìntì. Ní ọdún 2020, ọ̀nà méjèèjì dí nítorí pé ìgbanisíṣẹ́ dúró káàkiri. Ẹni tí kò bá sì wa bàálù fún ìgbà pípẹ́ tún ní ìṣòro mìíràn: ìlànà ìjọba béèrè pé kí awakọ̀ ti gbéra kó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ 90 kí ó tó lè gbé èrò, ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ìlera lóòrèkóòrè.

Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2020

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ènìyàn 87,534 péré ló gba ẹnu ibi àyẹ̀wò ààbò kọjá ní gbogbo pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, nígbà tí iye wọn ní ọjọ́ kan náà ní ọdún 2019 ti ju mílíọ̀nù 2.2 lọ. Kí ọjọ́ yẹn tó dé ni Trans States ti lọ. Iléeṣẹ́ tó fi agbègbè St. Louis ṣe ibùjókòó yìí, tó ń gbé èrò fún United, ti ń múra àtidáwọ́ iṣẹ́ dúró kí ọdún náà tó parí, ṣùgbọ́n àrùn náà sáré mú òpin rẹ̀ wá sí ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin. Compass, tí olówó kan náà ni ín, tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Compass yìí ni iléeṣẹ́ bàálù ńlá Northwest dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, lórí ìwé àṣẹ tó rà lọ́wọ́ Independence Air, iléeṣẹ́ mìíràn tó ti kógbá sílé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún kan náà.

Ààrẹ buwọ́ lu òfin ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní CARES ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta. Bílíọ̀nù 25 dọ́là ni òfin náà yà sọ́tọ̀ fún owó oṣù òṣìṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ bàálù tó ń kó èrò, pẹ̀lú májẹ̀mú pé ẹni tó bá gba owó náà kò gbọ́dọ̀ fi tipátipá dá òṣìṣẹ́ dúró kí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án tó kọjá. Ìrànwọ́ náà mú kí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré la ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn já, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní àdéhùn tuntun.

ExpressJet ni àpẹẹrẹ tó hàn gbangba jù. Láti inú Continental Express, iléeṣẹ́ kékeré tó ń ṣiṣẹ́ fún Continental, ló ti jáde, ó sì ti fìgbà kan wà lára àwọn iléeṣẹ́ kékeré tó tóbi jù lọ, pàápàá lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ SkyWest rà á ní ọdún 2010 tó sì da iléeṣẹ́ kékeré Atlantic Southeast pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí SkyWest tà á ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, United gba ìpín 49.9 nínú ọgọ́rùn-ún nínú iléeṣẹ́ tó rà á. United tún ní ìpín nínú CommutAir, iléeṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio tó kéré sí ExpressJet, tó sì ń wa irú bàálù kan náà, ìyẹn Embraer 145 oníjókòó 50. Ní òpin oṣù Keje ọdún 2020, United kéde pé CommutAir nìkan ni yóò máa wa irú bàálù náà fún òun. Ní oṣù Kẹjọ, ExpressJet fi yé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ yóò dópin, ó sì gbé èrò ìkẹyìn fún United ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí májẹ̀mú òfin CARES parí gan-an. Ọjọ́ kejì ni American àti United bẹ̀rẹ̀ sí dá òṣìṣẹ́ bíi 32,000 dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dá dúró yìí ṣì ní ìwé orúkọ tí wọ́n lè fi pè wọ́n padà, èyí tí àwọn awakọ̀ ExpressJet kò ní.

Ní ibòmíràn

Ní ìpínlẹ̀ Alaska, iléeṣẹ́ bàálù Ravn wọ kóòtù gbèsè ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2020, ó gbé gbogbo bàálù rẹ̀ 72 sílẹ̀, ó sì dá gbogbo òṣìṣẹ́ dúró. Ní Bìrìtìkó, iléeṣẹ́ bàálù Flybe ti kógbá sílé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta. Iléeṣẹ́ mìíràn, Loganair, gba díẹ̀ lára àwọn ọ̀nà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà

Ìjọba àpapọ̀ tún tú owó oṣù sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 àti ní oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn tí wọ́n dá dúró ní American àti United sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Owó náà kò kan ẹni tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ti parẹ́. Nígbà tí èrò padà, tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì rí i pé ọ̀pọ̀ àgbà awakọ̀ ti gba owó ìfẹ̀yìntì tètè lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó awakọ̀ láti àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn iléeṣẹ́ kékeré tí American ni gbé owó igbákejì awakọ̀ ọdún kìn-ín-ní sókè dé 90 dọ́là fún wákàtí kan, tí àfikún ìgbà díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

ExpressJet fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ láti Reno ní ìpínlẹ̀ Nevada lábẹ́ orúkọ aha!, láìsí iléeṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró ó sì wọ kóòtù gbèsè, tí àwọn awakọ̀ tó padà síbẹ̀ fi pàdánù ipò wọn lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún méjì.