Ìgbà tí kọ́ńtáàtì bá yà ni iná ń ta: nípa Volkswagen Ìjàpá tó ń mísì

Bí Ìjàpá bá ti ń mísì lórí eré, tí ẹ́ńjìnnì ń já, tó tún ń mú, kàbúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tú. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á dè é padà, ọkọ̀ á sì tún máa mísì. Lọ́pọ̀ ìgbà, kàbúrétọ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Inú dìsìtíríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ wò, níbi irin kéékèèké méjì tí ẹnu wọn ń pàdé tó tún ń yà: kọ́ńtáàtì.

Bí epo àti atẹ́gùn ṣe ń wọ ẹ́ńjìnnì kò ṣòro; ẹ jẹ́ ká fò ó. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì mú, títí kan àwọn kan tó ń fi ọkọ̀ títúnṣe jẹun, ni ìgbà tí iná ń ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Wọ́n rò pé ìgbà tí ẹnu kọ́ńtáàtì bá pàdé ni. Rárá o. Ìgbà tó bá yà ni.

Kànnàkànnà ni kọ́ìlì, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí kọ́ńtáàtì bá padé, iná bátìrì, fólítì 12, á máa gba inú wáyà kọ́ìlì, agbára òòfà á sì máa kún inú rẹ̀. Rọ́bà là ń fà yẹn, òkúta kò tíì kúrò lọ́wọ́. Bí kọ́ńtáàtì bá wá yà, ọ̀nà iná á já, òòfà á wó lójijì, wíwó yẹn ló sì ń ti iná bíi 20,000 fólítì jáde láti inú wáyà tínrín kejì tí wọ́n wé ní nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ta kànnàkànnà tí ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ awọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni òkúta á jábọ́ sí. Ohun tó ń lẹ̀ nínú dìsìtíríbútọ̀ ni iná tó fẹ́ fò kọjá láàárín ẹnu kọ́ńtáàtì bó ṣe ń yà. Kọ́ńdẹ́ńsà ló ń gba iná yẹn mọ́ra kí ìtúsílẹ̀ náà lè já geere. Bí kọ́ńdẹ́ńsà bá kú, ẹ ó rí iná tó ń ṣẹ́ yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ lẹ́nu kọ́ńtáàtì, ti púlọ́ọ̀gì á sì rọ, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí agbára rẹ̀ kò bá bá kọ́ìlì mu, irin á máa ti ẹnu kan ṣí lọ sí èkejì: ọ̀kan á yọ góńgó, èkejì á jin kòtò. Sáńpépà kọ́ ni oògùn rẹ̀, nítorí iyanrìn ara rẹ̀ á kù síbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pa pọ̀, owó wọn kò tó nǹkan.

Rọ́bà sì gbọ́dọ̀ fà dé ibi tó yẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kọ́ńtáàtì ń yà ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àlàfo rẹ̀ bá fẹ̀ jù, àyè àtifa rọ́bà á kéré, iná á sì rọ gẹ́lẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ ẹ́ lórí eré. Bó bá há jù, iná á pẹ́ kó tó ta, ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé atẹ́gùn nìkan ló ń tù ú á gbóná kọjá ààlà. Mìlímítà 0.4 ni ìwọ̀n rẹ̀, ì báà jẹ́ Ìjàpá Jámánì, ti Brazil, tàbí èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ní 1975.

Àbùkù ẹ̀rọ ọlọgbọ́n yìí nìyí: ẹsẹ̀ fáíbà kan tí kò tó èékánná ni gbogbo rẹ̀ gbára lé. Ó ń ha ara káàmù (irin onígóńgó tó ń yí láti ya kọ́ńtáàtì), ó ń jẹ, àlàfo sì ń há díẹ̀díẹ̀. Gíríìsì tó tó orí ìṣáná lára káàmù máa ń dín jíjẹ náà kù; bó bá pọ̀ jù, á ta sẹ́nu kọ́ńtáàtì.

Láti wọn àlàfo náà, ẹ fi sípánà 21 yí nọ́ọ̀tì púlì jẹnẹrétọ̀ títí ẹsẹ̀ fáíbà á fi gun góńgó káàmù. Ẹ dẹ sikúrù tó de kọ́ńtáàtì, ẹ ki fíílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) bọ̀ ọ́, ẹ dè é, kí ẹ tún un wọ̀n, torí dídè máa ń yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni táímìnì, ṣíṣètò ìgbà tí iná máa ta, kàn. Ẹni tó bá ṣe táímìnì ṣáájú ti ṣiṣẹ́ lásán, nítorí bí àlàfo bá yí, táímìnì náà yí. Ẹ so gílóòbù fólítì 12 mọ́ ẹnu tí wọ́n kọ 1 sí lára kọ́ìlì àti ara ẹ́ńjìnnì, ẹ mú àmì púlì ìsàlẹ̀ bá ojú ibi tí ara ẹ́ńjìnnì ti pàdé (digirii 7.5 ni fún ọ̀pọ̀ 1300 àti 1500), kí rọ́tọ̀ (apá tó ń yí lórí dìsìtíríbútọ̀) sì kọjú sí ìlà etí dìsìtíríbútọ̀. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́. Ẹ yí dìsìtíríbútọ̀ bí ọwọ́ aago títí gílóòbù á fi kú, kí ẹ dá a padà jẹ́jẹ́. Ibi tó bá ti tàn ni kí ẹ ti dè é.

Ẹni tí gbogbo èyí bá sú lè ra módù ẹlẹ́kítíróníìkì tó ń gba ipò kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà. Òòfà roboto á wọ abẹ́ rọ́tọ̀, wáyà pupa á lọ sí ẹnu 15 kọ́ìlì, dúdú sí ẹnu 1. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wọn kọ́ìlì. Kò gbọ́dọ̀ dín ní óòmù 3. Ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní títàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, á jó o. Módù dára, àmọ́ kì í kìlọ̀. Kọ́ńtáàtì á ti máa mísì, á ti máa le láti sítáàtì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó kú pátápátá, ẹ ó sì fi delé. Nítorí náà, ẹni tó bá ti fi módù sí i, kó tọ́jú kọ́ńtáàtì, kọ́ńdẹ́ńsà, fíílà géèjì àti sikurudíráfà kan sínú búùtù iwájú.