Ìbú àti Òòró: Bí Ìjà Lórí Ojú Àwòrán Ṣe Wọ Fídíò Eré Tẹlifíṣọ̀n

Ìtàn ìjà lórí bó ṣe yẹ kí àwòrán fẹ̀ tó kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ilé iṣẹ́ Thomas Edison ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1892, nígbà tí W. K. L. Dickson tó ń bá Edison ṣiṣẹ́ mú fíìmù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 35, tó lu ihò sí etí rẹ̀ méjèèjì, tó sì pinnu pé ihò mẹ́rin ni àwòrán kan yóò gbà. Ohun tó jáde látinú ìwọ̀n yẹn ni àwòrán tó jẹ́ pé bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, òòró rẹ̀ á jẹ́ mẹ́ta, ìyẹn 4:3. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, ìwọ̀n tó ti mọ́ àwọn òǹwòran lára nínú sinimá ló jogún, NTSC, ìlànà tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1941 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Sinimá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sá kúrò nídìí ìwọ̀n náà. Tẹlifíṣọ̀n ti wọlé àwọn ènìyàn, èrò sì ń dín kù ní gbọ̀ngàn sinimá, ni àwọn oníṣòwò fíìmù bá wá ohun tí àpótí kékeré inú ilé kò lè ṣe. Cinerama, ọ̀nà ìfi-àwòrán-fífẹ̀-hàn, jáde lọ́dún 1952, CinemaScope tó jẹ́ irú rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́dún 1953, àwòrán sì fẹ̀ títí ìbú rẹ̀ fi ju ìlọ́po méjì òòró rẹ̀ lọ. Nínú gbọ̀ngàn, ó dùn ún wò. Wàhálà dé nígbà tí àwọn fíìmù yìí kan náà wá sórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n sì tún wọ inú kásẹ́ẹ̀tì VHS tó jáde ní Japan lọ́dún 1976.

Ọ̀nà méjì ló wà láti kó ohun tó fẹ̀ sínú ohun tí kò fẹ̀. Èkíní ni kí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán dànù títí ìyókù yóò fi kún ojú tẹlifíṣọ̀n, kí ẹnì kan sì jókòó ti ẹ̀rọ láti máa pinnu, láti ìran dé ìran, bóyá apá òsì ni a ó rí tàbí apá ọ̀tún. Bí ènìyàn méjì bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìpẹ̀kun méjèèjì, ọ̀kan nínú wọn lè pòórá pátápátá, tàbí kí imú rẹ̀ nìkan ṣẹ́kù létí àwòrán. Fíìmù tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2.35 sí 1 máa ń pàdánù ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ lọ́nà yìí. Èkejì ni kí wọ́n fi gbogbo àwòrán hàn bó ṣe wà, kí ìlà dúdú sì wà lókè àti nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹrajà kórìíra ìlà dúdú yẹn, wọ́n gbà pé wọ́n ń fi apá kan nínú tẹlifíṣọ̀n tí àwọn fowó ara àwọn rà du àwọn.

DVD tó jáde ní Japan lọ́dún 1996, tó sì dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1997, ló gbé ìjà náà dé ara páálí. Wọ́n á kọ widescreen (ojú fífẹ̀) sára ẹ̀dà kan, wọ́n á kọ full screen (ojú kíkún) sára èkejì, orúkọ kejì yìí sì ń bí mi nínú, torí ó ń dún bí ẹni pé kò sí ohun tó dín, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni wọ́n gé. Àwòrán DVD Amẹ́ríkà jẹ́ ìlà 480 tí wọ́n tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá fi àwòrán 16:9 sáàárín ìlà dúdú, 360 péré ló kù fún àwòrán, ìyókù á ṣòfò sórí òkùnkùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún àwòrán pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kó lè gba gbogbo ìlà 480, kí ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde wá nà án padà. Ìwọ̀n 16:9 yìí kì í ṣe ti sinimá tẹ́lẹ̀. Kerns Powers, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ló dábàá rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tó ya onígun mẹ́rin oríṣiríṣi tí àyè wọn dọ́gba, tó tò wọ́n lé ara wọn, tó sì rí i pé èyí tó gba gbogbo wọn mọ́ra ní ìwọ̀n tó sún mọ́ 1.77 sí 1, ìyẹn 16:9.

Títí dé ibí, ẹni tó ra ẹ̀dà fífẹ̀ ló ra ojúlówó. Eré tẹlifíṣọ̀n ló dojú ọ̀rọ̀ náà dé. 4:3 ni àwọn tó ṣe àwọn eré àtijọ́ wọ̀nyí fi ń wò nínú kámẹ́rà, inú rẹ̀ ni wọ́n sì to àwọn òṣèré sí. Ṣùgbọ́n fíìmù tí wọ́n ń lò máa ń gbà ju ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn lọ, iná àti irinṣẹ́ a sì máa wà ní ẹ̀gbẹ́ tó ṣẹ́kù. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀ di ohun gbogbo ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹ̀gbẹ́ yẹn sílẹ̀, tàbí kí wọ́n gé orí àti ìsàlẹ̀ àwòrán, tí ìdá kan nínú mẹ́rin òòró rẹ̀ á sì lọ. Ní tèmi, ohun tí àwọn olùfẹ́ sinimá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wa ló ṣi àwọn oníṣòwò lọ́nà: gbogbo wa ti gbà pé èyí tó fẹ̀ ló pé, a kò sì bèèrè mọ́ pé ìwọ̀n wo ni ẹni tó ṣe é fi wò ó.

Joss Whedon, ẹni tó dá eré tẹlifíṣọ̀n Buffy the Vampire Slayer sílẹ̀, kò fẹ́ kó fẹ̀, torí 4:3 ló fi ṣe é. Síbẹ̀, láti sáà kẹrin eré náà lọ, DVD tí wọ́n tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀, ti Amẹ́ríkà sì dúró ní 4:3. Nínú ẹ̀dà HD, ìyẹn èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ketekete, tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ àti irinṣẹ́ ń yọjú létí àwòrán. Ti Babylon 5, eré nípa ìgbésí ayé lójú òfurufú, tún yàtọ̀: wọ́n ti ro ti ọjọ́ iwájú, wọ́n ya àwọn òṣèré lọ́nà tó lè fẹ̀, àmọ́ 4:3 ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya àwọn ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí DVD rẹ̀ jáde ní fífẹ̀, wọ́n gé àwọn ìran kọ̀ǹpútà náà lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n sì fà wọ́n tóbi, débi pé bí ọkọ̀ òfurufú bá ti yọ, ńṣe ni àwòrán á ṣàdédé ṣe bàìbàì. Àwọn tó ṣe àwo Blu-ray fún eré Star Trek: The Next Generation lọ́dún 2012 kò tọ ọ̀nà yẹn ní tiwọn, wọ́n fi í sílẹ̀ ní 4:3.

Nígbà tí Disney+, ibi tí wọ́n ti ń wo fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n gé àwọn abala àtijọ́ The Simpsons, eré apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n fi ọwọ́ yà, di 16:9. Nínú ọ̀kan, níbi ìpọntí, àgbá mẹ́ta wà tí orúkọ ọtí ara wọn yàtọ̀, ọ̀pá kan ṣoṣo láti òkè ló sì ń dà sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pá yẹn ni gbogbo àwàdà ibẹ̀, òun gan-an sì ni wọ́n gé kúrò. Àwọn òǹwòran fárí gá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, wọ́n fi ibi tí ènìyàn ti lè yan 4:3 sí i, ọ̀pá náà sì padà sí àyè rẹ̀.